Ọkàn Tí Wọ́n Fi Ẹ̀rọ Wọ̀n

Iná aláwọ̀ ewé tàn lójú ẹ̀rọ náà, Ìbídùnní Arówólò sì mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ẹjọ́ ti bọ́ mọ́ òun lọ́wọ́.

Àárín ilé ẹjọ́ ni wọ́n gbé àga Adégòroyè Ṣówándé sí. Okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan lẹ̀ mọ́ àyà rẹ̀, òmíràn lẹ̀ mọ́ ẹ̀bátí rẹ̀, àwọn méjèèjì sì wọnú Awòkàn, ẹ̀rọ dúdú kan tí kò ga ju àpótí ìjókòó lọ. Omijé ń ṣàn lójú ọkùnrin náà, kò sì nù ún. Ó ní òun máa ń ta jí lójú oorun. Ó ní ìró ẹsẹ̀ ni òun máa ń gbọ́, ìró ẹsẹ̀ ẹni tó ń sáré lórí pákó láti ẹnu ọ̀nà kan dé èkejì, tí kò rí ibi gbà jáde. Bí ó ṣe ń sọ ọ́ ni iná náà ń mọ́lẹ̀ sí i, títí ó fi dúró gbọnin.

"Ọkàn rẹ̀ ti yí padà," ni akọ̀wé ilé ẹjọ́ kà jáde.

Adájọ́ Ọmọ́níyì mi orí. Ó ní òfin ìlú Àtúntẹ̀dó kò ṣókùnkùn sí ẹnikẹ́ni. Ìlú tó ti wó ọgbà ẹ̀wọ̀n rẹ̀ lulẹ̀, tó ku ẹyọ kan ṣoṣo, tó sì gbin igi sórí ilẹ̀ àwọn yòókù, kò gbọ́dọ̀ tún máa fìyà jẹ ẹni tí kò sí mọ́. Ó ní ẹni tó ṣe ibi náà ti kú nínú Ṣówándé, ọkùnrin mìíràn ló jókòó síwájú òun. Lẹ́yìn náà ló dá a lẹ́jọ́. Oṣù mẹ́fà ni yóò lò ní Ilé Àtúnṣe tó wà lórí òkè, níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, tí wọ́n sì ti ń kọ́ èèyàn bí a ṣe ń mọ ìkòkò.

Oṣù mẹ́fà. Èèyàn mọ́kànlá ló kú.

Ìbídùnní ni agbẹjọ́rò ìjọba tó pe ẹjọ́ náà, kò sì sí ibi tí kò dé nínú rẹ̀. Ṣówándé ló ń ṣàkóso àwọn páìpù tó ń gbé òtútù lọ sí àwọn ilé-ìtura, àwọn ilé ńlá tí ará ìlú ń sá wọ̀ bí fèrè oòrùn, tó ń kìlọ̀ pé ooru ti le débi tó lè pani, bá ti dún. Lọ́sàn-án ọjọ́ burúkú yẹn, fèrè dún, àwọn ará Ìsàlẹ̀-Àgbàrá sá wọ tiwọn, ilẹ̀kùn sì ti ara rẹ̀ bí ó ṣe máa ń ṣe, kò ní ṣí àfi bí oòrùn bá rọlẹ̀. Ìgbà náà ni Ṣówándé yí òtútù wọn sí ilé gíláàsì rẹ̀ lórí òkè. Ápù ló ń gbìn síbẹ̀. Àwọn olówó ìlú fẹ́ràn ápù tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn ká lórí igi, ápù kò sì lè fara da ooru. Nígbà tí àwọn ọlọ́pàá bi í léèrè, ó ní òun rò pé wọ́n á fara dà á díẹ̀.

Bí adájọ́ ṣe ń dìde ni fèrè oòrùn tún dún níta. Kò sí ẹni tó lè jáde mọ́ láìjẹ́ pé ó ní ẹ̀wù òtútù, ẹ̀wù tí omi tútù ń ṣàn kiri nínú aṣọ rẹ̀, ẹni mélòó ló sì ní in? Ṣówándé ní tirẹ̀. Lọ́yà rẹ̀ bá a wọ̀ ọ́, ó dì í lókùn, ó nu ojú rẹ̀ fún un. Àwọn èèyàn mọ́kànlá náà ní ìyá, wọ́n ní ọkọ, wọ́n ní àbúrò, gbogbo wọn jókòó sínú ilé ẹjọ́ bí ẹni tí wọ́n tì mọ́lé, wọ́n ń wo ọ̀daràn tó ń gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ jáde lọ sínú oòrùn láti lọ palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́ fún Ilé Àtúnṣe.

Obìnrin kan dìde wá bá Ìbídùnní. Màmá Ìretíọlá ni. Agẹrun ni Ìretíọlá ọmọ rẹ̀. Ibi tó ti ń gẹ irun fún arúgbó kan ní àdúgbò wọn, Ìsàlẹ̀-Àgbàrá, ni fèrè ti dún lọ́jọ́ náà. Nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí, wọ́n bá a níbi tó jókòó sí, aṣọ rẹ̀ tó tú kúrò lọ́rùn ni ó fi ń fẹ́ arúgbó náà títí ọwọ́ rẹ̀ fi dúró.

"Lọ́yà," ni obìnrin náà wí, kò sì gbé ohùn sókè, "wọ́n gbé ẹ̀rọ lé e láyà, wọ́n ní ó dùn ún. Ta ló gbé e lé tèmi?"

Ìbídùnní ṣàlàyé fún un pé òfin gba agbẹjọ́rò ìjọba láyè láti pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn bí ìdájọ́ bá fúyẹ́ jù, bí ó bá ti pè é kí ilé ẹjọ́ tó palẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ kejì. Màmá Ìretíọlá bi í bóyá yóò pè é. Ìbídùnní la ẹnu láti sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, ni ó bá rántí ohun tó rọ̀ mọ́ ọn. Ó ní òun máa rò ó. Ojú tì í bí ó ṣe ń sọ ọ́.

Nígbà tí oòrùn rọlẹ̀, ó kọrí sí ọ́fíìsì ọ̀gá rẹ̀. Ọ̀gá Pópóọlá ti gbọ́. Ó ti gbé omi tútù kalẹ̀ dè é, ó sì ní kó jókòó kí inú tó ń bí i lè rọlẹ̀, ṣùgbọ́n Ìbídùnní kò jókòó. Ó ní oṣù mẹ́fà kì í ṣe ìdájọ́, èébú ni. Ó ní Ṣówándé kò yí padà, pé ó lọ kọ́ ẹkún ni. Gbogbo ìlú ló mọ̀ pé àwọn olówó ní ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń fi Awòkàn ayédèrú dánra wò títí iná á fi tàn bí wọ́n ṣe fẹ́. Ó ní ohun tí wọ́n ṣe láti fi gba àwọn ọmọ tálákà kúrò lẹ́wọ̀n ni àwọn olówó wá sọ di ọ̀nà àbáyọ.

Ọ̀gá Pópóọlá kò bá a jiyàn. Ọkùnrin arúgbó ni, ó sì ti ṣiṣẹ́ rí nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n àtijọ́. Ó rán an létí ohun tí òun rí níbẹ̀: ọmọdékùnrin tó jí bátìrì, tí wọ́n tì mọ́ àárín àwọn apànìyàn, tí ọmọ náà sì jáde ní apànìyàn. Ó ní ẹni tí kò bá tíì gbóòórùn ibẹ̀ rí kò lè mọ ohun tí ìlú yìí bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Bí ilé ẹjọ́ àgbà bá fi lè sọ pé Awòkàn lè gba irọ́ gbọ́," ni ó wí, "gbogbo ẹni tí Awòkàn tú sílẹ̀ ni a óò kó padà wá. Òfin ló sọ bẹ́ẹ̀, ìwọ náà mọ̀ ọ́n. Àwọn tó lówó tí wọ́n lè fi kọ́ ẹkún kò pọ̀ nínú wọn, Ìbídùnní. Rántí Mopélọ́lá."

Ìbídùnní kò sọ pé òun gbàgbé rẹ̀. Òun gan-an ló fi Mopélọ́lá sẹ́wọ̀n.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, kí oòrùn tó le, ó sọ̀kalẹ̀ lọ sí Ìsàlẹ̀-Àgbàrá. Ilé-ìtura tí àwọn èèyàn kú sí náà ni Mopélọ́lá ti ń ṣiṣẹ́ báyìí. Lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀ yẹn, àwọn ará àdúgbò fi dandan lé e pé èèyàn ẹlẹ́ran ara gbọ́dọ̀ máa jókòó ti ilẹ̀kùn náà, kí ó ní kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́, kí ó lè ṣí i bí ẹ̀rọ bá kọ̀. Kò sẹ́ni tó fẹ́ gba iṣẹ́ náà. Mopélọ́lá lọ gbà á. Ìbídùnní bá a tó ń fi epo sí ìdè ilẹ̀kùn, ọmọbìnrin tó ti di obìnrin, ojú rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín, kò sì le.

"Ẹ káàárọ̀, ma. Mo ti ń retí yín," ni ó wí. "Mo wo ẹjọ́ yẹn lórí amóhùnmáwòrán ara ògiri lánàá." Ó gbé agolo epo sílẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ilẹ̀ tí ẹ dúró lé. Kí ni wọ́n fi ṣe é?"

Ìbídùnní wolẹ̀. "Sìmẹ́ńtì ni."

"Níbo wá ni Ṣówándé ti gbọ́ ìró ẹsẹ̀ lórí pákó?"

Mopélọ́lá wá sọ ibi tí ìró ẹsẹ̀ náà ti wá fún un. Nígbà tí Mopélọ́lá kò tíì ju ọmọge lọ, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kan lọ dáná sun ilé ọkọ̀ ojú omi, ilé onípákó tí wọ́n kọ́ sórí omi, nítorí ìjà tí wọ́n ní pẹ̀lú ẹni tó ni ín. Wọn kò mọ̀ pé ọlọ́dẹ wà nínú rẹ̀. Rájí Lánípẹ̀kun lorúkọ rẹ̀. Àwọn yòókù sá lọ, ṣùgbọ́n Mopélọ́lá dúró sí etí omi, ó ń gbọ́ bí ọkùnrin náà ṣe ń sáré láti ẹnu ọ̀nà kan dé èkejì. Kò sọ èyí nílé ẹjọ́ nígbà náà. Kò sọ ohunkóhun. Ìbídùnní rántí pé òun pè é ní olóríkunkun níwájú adájọ́.

Ilé Àtúnṣe, níbi tí wọ́n gbé e lọ láti inú ẹ̀wọ̀n, ló ti kọ́kọ́ sọ ọ́. Kì í ṣe Awòkàn ló sọ ọ́ fún. Pupa ni ẹ̀rọ náà máa ń tàn ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá dè é mọ́ ọn, nítorí pé ara rẹ̀ kì í yéé gbọ̀n. Ìyá Lánípẹ̀kun ni ó sọ ọ́ fún. Ìyá arúgbó náà máa ń gun òkè wá, á jókòó síwájú rẹ̀, kò ní bú u, kò sì ní rẹ́rìn-ín sí i, ohun kan ṣoṣo ló ń bèèrè: kí ni ọmọ òun ṣe kó tó kú? Ó pẹ́ gan-an kí Mopélọ́lá tó lè la ẹnu. Lọ́jọ́ tó sọ ọ́, àwọn méjèèjì sunkún títí ilẹ̀ fi ṣú. Lẹ́yìn ìyẹn ni Awòkàn ṣẹ̀ṣẹ̀ tan iná ewé fún un, òun sì ni wọ́n fi tú u sílẹ̀.

"Àwọn kan wá bá mi nígbà tí mo dé ilé," ni Mopélọ́lá wí. "Wọ́n ní àwọn ń gba ohùn àwọn tó ti yí padà sílẹ̀, kí ó lè ran àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn lọ́wọ́. Mo sọ ọ́ fún wọn, n ò gba nǹkan kan. Lánàá ni mo gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó pa Ìretíọlá. Bí mo ṣe máa ń mí sínú kí n tó dé ibi ẹnu ọ̀nà kejì, ó mí bẹ́ẹ̀ gan-an."

Inú bí Ìbídùnní. Ọkùnrin yẹn jí òtútù àwọn èèyàn yìí kí èso rẹ̀ má baà rọ. Nígbà tí wọ́n mú un, ó tún lọ jí ìbànújẹ́ ẹlòmíràn, ó gbé e wọ̀ bí ó ṣe gbé ẹ̀wù òtútù wọ̀, ó sì gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ jáde.

Ìbídùnní ṣàlàyé fún Mopélọ́lá ohun tó lè ṣẹlẹ̀ bí òun bá pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Wọ́n lè dá a padà sẹ́wọ̀n láti lọ parí ọdún tó kù. Ó ní òun ò fẹ́ ṣe é lẹ́yìn rẹ̀, òun fẹ́ gbọ́ ohun tó máa sọ.

Mopélọ́lá wò ó, ìbínú sì yọ lójú rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́.

"Ẹ ò bi mí lọ́jọ́ tí ẹ kọ́kọ́ gbé mi lọ, ma. Ẹ má wá bi mí lónìí. Ṣé kí n ní kí ẹ má pè é, kí Màmá Ìretíọlá máa wò mí ní gbogbo ìgbà tó bá wá sá oòrùn níbí? Àbí kí n ní kí ẹ pè é, kí ara lè tù yín bí wọ́n bá ń mú mi lọ? Iṣẹ́ yín nìyẹn. Ẹ ṣe é fúnra yín."

Ìbídùnní yí padà, ó ti ń lọ, ni Mopélọ́lá tún pè é.

"Ṣùgbọ́n bí ẹ bá pè é, màá wá jẹ́rìí. Ìró ẹsẹ̀ yẹn kì í ṣe tirẹ̀. Kì í ṣe tèmi náà. Rájí Lánípẹ̀kun ló ni ín."

Ìbídùnní pe ẹjọ́ náà kí ilé ẹjọ́ tó palẹ̀ mọ́. Inú ń bí i: sí Ṣówándé, sí adájọ́ tó fi ẹ̀rọ ronú, sí òfin tó so olóòótọ́ àti òpùrọ́ mọ́ okùn kan náà, àti sí ara rẹ̀. Ó kọ ọ́ sínú ìwé ìpẹ̀jọ́ pé òun kò bẹ ilé ẹjọ́ àgbà láti sọ pé èèyàn kò lè yí padà; pé ohun tí òun ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí wọ́n má jẹ́ kí ẹ̀rọ máa dárí ji èèyàn ní orúkọ àwọn tí wọ́n ṣẹ̀. Ó mọ̀ pé ìyẹn kò tó láti gba Mopélọ́lá là. Síbẹ̀ ó kọ ọ́.

Adájọ́ Àgbà Tẹjúmádé, obìnrin tó ti darúgbó, ló jókòó gbọ́ ẹjọ́ náà pẹ̀lú àwọn adájọ́ méjì mìíràn. Mopélọ́lá wá, ó dúró, ó sọ ohun tó mọ̀. Lọ́yà Ṣówándé fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní ta ló lè gba ẹ̀rí apànìyàn gbọ́. Mopélọ́lá ní òótọ́ ni, apànìyàn ni òun, ìdí nìyẹn tí òun fi mọ ohùn náà.

Nígbà tí wọ́n gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, Adájọ́ Àgbà ní kí wọ́n tú àwọn okùn kúrò lára Ṣówándé, kí wọ́n sì gbé Awòkàn jáde. Lọ́yà rẹ̀ ta kò ó, adájọ́ sì ní kí wọ́n máa gbé e lọ. Wọ́n gbé ẹ̀rọ náà jáde, àyè rẹ̀ sì ṣófo láàárín ilé.

"Ọ̀gbẹ́ni Ṣówándé," ni obìnrin náà wí pẹ̀lẹ́, "dárúkọ ẹnì kan fún mi nínú àwọn tó kú."

Ṣówándé wo iwájú, ó wo lọ́yà rẹ̀. Ó ní ó dun òun gan-an. Adájọ́ ní òun ti gbọ́ ìyẹn, orúkọ ni òun bèèrè. Ó ní àwọn ará Ìsàlẹ̀-Àgbàrá ni. Adájọ́ ní ẹyọ kan ṣoṣo. Òógùn bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lójú ọkùnrin náà. Ẹnu rẹ̀ ń ṣí, ó ń pa dé. Ní ọ̀wọ́ ẹ̀yìn, Màmá Ìretíọlá dìde. Ó kàn dúró kí ọkùnrin náà lè rí òun, ìyàwó arúgbó tí Ìretíọlá fi aṣọ fẹ́ títí ó fi kú dìde tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni àwọn yòókù ń dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, títí tí gbogbo ọ̀wọ́ náà fi dúró. Ṣówándé wolẹ̀. Kò rí orúkọ kankan dá.

Wọ́n fagi lé oṣù mẹ́fà náà. Ọdún méjìlá ni wọ́n dá fún un, nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n kan ṣoṣo tó ṣẹ́kù ní Àtúntẹ̀dó, wọ́n sì ní Awòkàn kò gbọ́dọ̀ dín ìyà ẹnikẹ́ni kù mọ́. Adájọ́ Àgbà wá fi ohùn ẹni tó ti rẹ̀ ka ìyókù: kí gbogbo ẹni tí ẹ̀rọ náà ti tú sílẹ̀ padà wá gba ìdájọ́ tuntun.

Àwọn ará Ìsàlẹ̀-Àgbàrá dì mọ́ Ìbídùnní, Màmá Ìretíọlá di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ń gbàdúrà fún un. Ìbídùnní ń ṣe àmín, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà ni ojú rẹ̀ wà, níbi tí àwọn ọlọ́pàá méjì ti lọ dúró ti Mopélọ́lá. Wọn kò tilẹ̀ jẹ́ kó padà lọ fi kọ́kọ́rọ́ ilé-ìtura lé ẹnì kan lọ́wọ́.

Ọ̀gá Pópóọlá ló pe Ìbídùnní nígbà tí ìgbẹ́jọ́ tuntun fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ó ní ìjọba ti pinnu láti bèèrè pé kí gbogbo wọn lọ parí ọdún wọn, láìyọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀, kí ara ìlú má baà sọ pé ojúsàájú wà níbẹ̀. Ó ní òun ò fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n àṣẹ ni. Ẹjọ́ Mopélọ́lá ti Ìbídùnní ni, nítorí òun ló pè é nígbà àkọ́kọ́.

Ìbídùnní bèèrè bóyá ó dá ọ̀gá lójú pé ohun tí ìjọba fẹ́ kí òun lọ sọ nìyẹn. Ọ̀gá ní bẹ́ẹ̀ ni. Ìbídùnní bọ́ agbádá dúdú tí àmì ìjọba wà léjìká rẹ̀, ó ká a dáadáa, ó sì gbé e sórí tábìlì.

"Ẹ wá ẹlòmíràn wọ̀ ọ́, sà," ni ó wí.

Lọ́jọ́ ìgbẹ́jọ́, ọ̀dọ́kùnrin kan tí Ìbídùnní fúnra rẹ̀ kọ́ níṣẹ́ ló dúró fún ìjọba. Mopélọ́lá dá jókòó sórí bẹ́ńṣì àwọn tí wọ́n fẹ̀sùn kàn. Ìyá Lánípẹ̀kun wà níbẹ̀, wọ́n fi kẹ̀kẹ́ tì í wọlé, ó sì ń bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó bá kọjá pé ìgbà wo ni wọ́n máa jẹ́ kí òun sọ̀rọ̀. Adájọ́ bèèrè ẹni tó dúró fún obìnrin tí wọ́n fẹ̀sùn kàn yìí.

Ìbídùnní dìde láti àárín àwọn tó wá wòran. Aṣọ ilé ló wọ̀.

"Èmi ni, Olúwa mi," ni ó wí. "Ìbídùnní Arówólò."

Ariwo gba ilé ẹjọ́. Ìbídùnní rìn kọjá tábìlì tó ti jókòó sí ní gbogbo ọdún iṣẹ́ rẹ̀, ó rìn dé ibi bẹ́ńṣì náà. Kò mọ̀ bóyá wọ́n máa lé òun. Mopélọ́lá kò wo ojú rẹ̀, kò sì rẹ́rìn-ín. Ó kàn sún díẹ̀, àyè sì wà fún un láti jókòó.